Àjẹ̀ Bàbá Lórí Píánò

Ẹ̀yìn Benson,
Ìkòròdú.
Ọjọ́ Ajé.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù aléékúmù. Mo kí yín, mo kí Màámi. Ìrètí mi ni pé ìwé yìí bá yín pẹ̀lú ara líle lórí àga yín tó kọjú sí ọ̀sà, àti pé ẹ ti jẹun kí ẹ tó ṣí i. Èmi àti àwọn ará ilé mi wà dáadáa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Allah. Ìwé ni mo kọ, n kò pè yín lórí fóònù. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ẹ máa ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo ló ń mú mi ṣí ikùn píánò kiri. Wáyà inú píánò kan lé ní igba, òòlù kékeré ló sì ń lù wọ́n. Ooru àti ọ̀rinrin máa ń dẹ wọ́n. Èmi ni mo ń fà wọ́n le padà títí ohùn wọn á fi bára mu. Bí mo bá ń ṣe ọ̀kan, mo máa ń ki ègé aṣọ nínípọn sáàárín àwọn tó kù kí wọ́n má bàa dún.

Lóṣù tó kọjá, obìnrin ará Faransé kan wá lu píánò ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan níbí. Madam Odile lorúkọ rẹ̀. Ọmọ oníbúrẹ́dì ni, ní ìlú kékeré kan létí òkun. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tó kọ́kọ́ fọwọ́ kan píánò ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Nígbà tó pé mẹ́rìnlá, wọ́n gbà á sí ilé-ẹ̀kọ́ orin ní Paris. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń lu píánò káàkiri ayé, láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin láìwo ìwé. Títílọpẹ́, olùkọ́ orin ilé-ẹ̀kọ́ náà, ti fìgbà kan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Òun ló pè é.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kó lu píánò náà, mo parí iṣẹ́ mi lórí rẹ̀. Madam tẹ àwọn eyín píánò tó wà lápá ọ̀tún pátápátá, níbi tí ohùn ti tín-ín-rín bíi ti ẹyẹ. Ó fajú ro. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ti pa àwọn ohùn wọ̀nyí." Mo tún wọn ṣe. Ó ní wọn ò tíì jí. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo tún bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà kẹta yìí ni mo ṣàṣìṣe. Mo gbàgbé ègé aṣọ sára wáyà tó kẹ́yìn, kò sì lè dún rárá. Kí n tó rántí, ó ti tẹ̀ ẹ́. Igi lásán ló dún kọ́. Madam mi orí, ó ní, "Ó dára báyìí."

Mo fa aṣọ náà yọ, mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi kó lè rí i. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní ó ti pé ọdún méjì tí etí òun ti ń lọ, ìka òun nìkan ló ń rántí orin. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá fẹ́ yẹra fún òde orin kan, á ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ohun tó fẹ́ sọ fún Títílọpẹ́ náà nìyẹn, kó sì máa lọ sílé, kó má lu píánò mọ́ láyé.

Ẹ̀yin ni mo rántí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ẹ ti ibi fífẹ̀ àjẹ̀ bọ omi lápá Àgbówà, tí ẹ gbé ìdí rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí mi kí n lè gbọ́ ẹja tó ń kùn nísàlẹ̀ omi. Ẹ ní, "Zikrullah, etí ò dá gbọ́ ẹja. Egungun ń bá a gbọ́ ọ." Àjẹ̀ yẹn ti wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé. Mo lọ gbé e wá. Mo gbé ibi fífẹ̀ rẹ̀ lé pátákó tó wà lábẹ́ wáyà, Madam gbé ìdí rẹ̀ ti ẹ̀yìn etí. Mo tẹ ohùn tó kẹ́yìn náà. Ó dijú. Mo tún un tẹ̀. Ó ní, "Ó jìnnà. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀."

Bí Títílọpẹ́ ṣe wọlé bá wa nìyẹn. Ó ní, "Bọ̀dá Zikrullah, ṣé ẹja lẹ fẹ́ pa nínú píánò ni?" A rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀yìn ẹ̀rín náà ni Madam sọ òótọ́ fún un.

Àjẹ̀ kò wo etí sàn, n kò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé tí èèyàn pé sí gbọ̀ngàn, kí Madam tó jókòó sídìí píánò, ó sọ fún gbogbo èèyàn pé, "Etí mi ti ń kú lọ. Bí mo bá ṣì í lù, ẹ bá mi gbọ́ ọ." Ó ṣì í lù lẹ́ẹ̀kan. Mo gbọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kò dìde lọ.

Bàbá mi, láti ìgbà ààwẹ̀ tó kọjá lẹ ti ń sọ pé orúnkún ni kò jẹ́ kí ẹ lọ sétí omi. Ùsámà àbúrò mi ní bí wọ́n bá pè yín láti ẹ̀yìn, ẹ kì í dáhùn. Ẹ dárí jì mí bí mo bá kọjá àyè mi: n kò gbà pé orúnkún ni. Ìdí tí n kò fi pè yín lórí fóònù nìyẹn. Ùsámà ń dá lọ sọ́sà, ọwọ́ òfo ló sì ń gbé bọ̀. Etí rẹ̀ mú ṣáṣá, kò kàn mọ ohun tó ń gbọ́ ni. Ẹ bá a jókòó nínú ọkọ̀. Mo ti dá àjẹ̀ yín padà, ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí Allah jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, kó sì má jẹ́ kí ọ̀sà gbàgbé yín.

Èmi ni ọmọ yín tó sá fún omi,
Zikrullah.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: Màámi ní bí ẹ bá tún dárúkọ orúnkún, òun á fi omi gbígbóná jó o. Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Súbúhì, Ùsámà yóò wá mú yín. Kò ní pariwo. Àjẹ̀ ni yóò fi lu pákó ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ yín á gbọ́ ọ.