Odò Tó Bí Ẹja

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́, Peckham

Mo ti sọ fún bàbá apẹja yẹn. Oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu.

Bàbá náà fúnra wọn ni wọ́n ń gé bíńtín lára lẹbẹ́ ẹja sámọ́nì tí wọ́n bá pa lókun, tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí wa ní láàbù, ká lè fi DNA mọ odò tí wọ́n ti bí ẹja kọ̀ọ̀kan. Ọkàn wọn balẹ̀ pé láti odò ńlá ni ẹja wọn ti wá, níbi tí ẹja ti pọ̀.

Èsì dé lónìí. Odò kékeré ni, èyí tí ẹja ibẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Wọ́n gbọ́dọ̀ kó àwọ̀n wọn kúrò nínú omi.

Mo pe bàbá náà lórí fóònù, mo sọ fún wọn. "Èmi náà ni mo gé e fún yín o." Gbogbo ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Bí mo ṣe wọlé ni mo sọ fún Mummy. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "DNA fún ẹja kẹ̀? Ẹja wo ló ní òun kọ́ ló lọmọ?"

"Mummy, a fẹ́ mọ ibi tó ti wá ni, kó má baà tán."

Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n dín iná abẹ́ ráìsì kù. "Kò sẹ́ni tó ṣe irú ẹ̀ fún Daddy ẹ."

Òótọ́ ni. Nígbà tí ẹja ń tán ní Ìlàjẹ, níbi tí Daddy ti ń pẹja, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Àwọ̀n ni wọ́n ń tún hun ṣáá. Títí wọ́n fi jáde láyé, àwọ̀n yẹn ni wọ́n ń dá lẹ́bi.