Àga Mẹ́rin tí Kì Í Ṣe Tiwa

                                        Ilé Télọ̀,
                                        Yàrá ọwọ́ ẹ̀yìn,
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù.

Ẹlẹ́rìn-ín mi ọ̀wọ́n,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ àná nìyí, nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn pálọ̀ wa. Kápẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ojú ibi tí ẹsẹ̀ tábìlì àti ti àga mẹ́rin ti tẹ̀ ẹ́ wọlé. Aṣọ tábìlì tí ẹnì kan ti ká dáadáa, tí ó gbé e sójú fèrèsé. Bẹ́ǹṣì wa àtijọ́, èyí tí a ti lọ fi pamọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná, tí ó tún ti padà dé àárín pálọ̀ bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Ìyá Tíṣà lórí bẹ́ǹṣì náà, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wé gèlè, ẹ̀rín wà lẹ́nu wọn. Owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí wọ́n gbé agolo mílíìkì lé lórí kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Tábìlì kò sí. Àga kankan kò sí.

Má bínú pé mi ò kọ́kọ́ kí ọ. Àyà mi ò tíì sọ̀ kalẹ̀ ni. Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ òru tí wọ́n gbé e sí kò gba oorun mọ́ ọn lójú jù? Ẹsẹ̀ màmá rẹ tó ń wú, ṣé wíwú náà ti lọ sílẹ̀? Àbúrò rẹ tí kì í fẹ́ jẹun, ṣé ó ti ń jẹun báyìí? Èmi náà wà, ara le, àfi pé bí mo bá gbọ́ ìró ọmọlanke lójú títì, ọkàn mi á já.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní Ọjọ́rú. O ní ìyá ọkọ rẹ ń bọ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ yín, o sì ń béèrè bí o ṣe máa gbà á lálejò tí ojú ò fi ní tì ọ́, àti bóyá mo lè bá ọ yá kọ́tìnnì aláwọ̀ wúrà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní. Ká ní Ọjọ́rú yẹn gan-an ni mo dá ọ lóhùn, ǹ bá ti di kọ́tìnnì náà ránṣẹ́. Jọ̀ọ́, ka èyí tán ná.

Mo ti sọ̀rọ̀ Ìyá Tíṣà fún ọ rí: ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ló tọ́ bọ̀ọ̀dá mi dàgbà láti kékeré, àpò wọn náà sì ni owó ìkọ́ṣẹ́ pẹ́ńtà bọ̀ọ̀dá ti jáde. Nígbà tí Ìyá ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá yẹ ojú àwọn wò, pé àwọn á lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa, inú bọ̀ọ̀dá mi dùn, ẹ̀rù sì bà wọ́n. Wọ́n dúró láàárín pálọ̀, wọ́n ń wo bẹ́ǹṣì wa bí ẹni tó ń wo ọ̀daràn. Wọ́n ní, "Ṣé orí èyí ni Ìyá máa jókòó? Ṣé wọn ò ní sọ pé ibi tí owó àwọn gbà lọ nìyí?" Ìyàwó wọn, Àǹtí Télọ̀, tí èmi ń bá rán bọ́tìnnì ní ṣọ́ọ̀bù, ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, a máa wá nǹkan ṣe sí i.

Nǹkan tí wọ́n wá ṣe sí i ni pé wọ́n lọ bá káfíńtà tó wà lójúde wa. Nọ́ọ̀sì kan ti gbé iṣẹ́ tábìlì ìjẹun àti àga mẹ́rin fún un. Ó ti kàn wọ́n tán, fáníìṣì ló kù kó gbẹ. Bọ̀ọ̀dá mi bẹ̀ ẹ́ pé kí fáníìṣì náà kúkú wá gbẹ sí pálọ̀ wa. Káfíńtà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò burú o, ṣùgbọ́n Sátidé lolóhun ń bọ̀." Nígbà tí a gbé wọn wọlé tán, mo béèrè ohun tí a máa sọ fún Ìyá bí àga bá lọ ní Sátidé. Bọ̀ọ̀dá ní, "Akọ̀wé, ìyẹn di Sátidé." Akọ̀wé ni gbogbo ilé ń pè mí, nítorí pé mo máa ń béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni Ìyá dé. Láti ọjọ́ náà, adìyẹ láàárọ̀, ẹja lọ́sàn-án, ẹran lálẹ́. Èmi ni mò ń lọ rà á, nítorí náà mo mọ ibi tí owó ti ń jáde: agolo tí a ń tọ́jú owó ilé tí a máa san fún onílé sí ni. Ìyá ò sì jẹ ju díẹ̀ lọ nínú rẹ̀, wọ́n ní eyín àwọn ò bá ẹran rẹ́ mọ́. Àwa la jẹ èyí tó ṣẹ́kù. Mò ń jẹ ẹsẹ̀ adìyẹ, mò ń ro ojú onílé.

Ó wá di àárọ̀ àná. Ìyá ní kí n lọ pe bọ̀ọ̀dá àti ìyàwó wọn wá. Bọ̀ọ̀dá dé pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, Àǹtí Télọ̀ dé pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Ìyá ní kí wọ́n jókòó. Kò sí ibi tí wọ́n máa jókòó sí, wọ́n bá dúró.

Ìyá ní, "Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ ní ilé ìdáná lálẹ́ àná. Ògiri yín fẹ́lẹ́. Onílé ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, owó ò sì pé. Owó dókítà nìkan ni mo mú wá, mi ò lè fún yín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ fi tábìlì bàǹbà ṣe nígbà tí owó ilé ò pé? Ọkùnrin kan tó ń ra ẹrù àlòkù ń kọjá láàárọ̀ kùtù, mo pè é wọlé. Mo jẹ́ kó bínú lọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó san iye tí mo fẹ́. Èmi àtòun la jọ gbé e jáde, kí ẹ lè sùn dáadáa. Bẹ́ǹṣì yín ṣì wà. Mo dán an wò, ó gbé mi."

Bọ̀ọ̀dá mi gbé ọṣẹ eyín mì. Mo rí i tí ó gba ọ̀fun wọn lọ. Ẹlẹ́rìn-ín, ṣé o mọ ohun tó tún ṣẹlẹ̀? Wọ́n dọ̀bálẹ̀! Wọ́n ní, "Ẹ ṣé, Ìyá. Ẹ ṣeun gan-an ni." Àǹtí Télọ̀ náà kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, mà." Mo fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá ti ta ohun olóhun, àwa sì wà nílẹ̀, à ń dúpẹ́.

Bọ̀ọ̀dá ní àwọn ń lọ ra búrẹ́dì, wọ́n sì fi pajámà sáré jáde. Kò pẹ́ tí wọ́n lọ ni káfíńtà yọjú sí fèrèsé ilé ìdáná. Ó ní nọ́ọ̀sì ti wà lọ́nà, kí a gbé ẹrù náà jáde kí òun nù ún. Mo ní bọ̀ọ̀dá ò sí nílé. Bóyá ó rí nǹkan lójú mi, mi ò mọ̀. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ má fi mí ṣeré o. Ó ti sanwó pé, mo sì ti fi ra pákó fún iṣẹ́ mìíràn. Bí ẹrù yìí bá bà jẹ́, mi ò rí ohun tí mo máa dá padà fún un."

Bọ̀ọ̀dá padà láìsí búrẹ́dì. Wọ́n ti rí ọkùnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀. Ó ní ìyá àgbàlagbà kan tó wé gèlè ló ta ẹrù fún òun, ìyá náà sì sọ pé ti ọmọ àwọn ni. Ó ní, "Ìwọ tí o wọ pajámà wá, níbo ni mo ti mọ̀ ọ́? Ẹni tó tà á ni kó wá gbà á."

Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìdáná nìyẹn, ìjà aláìláriwo, torí Ìyá wà ní pálọ̀.

"Ẹ lọ sọ fún wọn," Àǹtí Télọ̀ ló bẹ̀rẹ̀.

"Kí n sọ kí ni? Pé mo yá àga láti fi tàn wọ́n jẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá yín ni, kì í ṣe tèmi."

"Ta ló ní ká máa wá nǹkan ṣe sí i?"

"Ta ló ń wo bẹ́ǹṣì bí ẹni pé bẹ́ǹṣì gbé owó rẹ̀ jẹ?"

Ni Àǹtí Télọ̀ bá ní kó dáa, àwọn á ta maṣíìnì àwọn, a ó fi san owó tábìlì àti àga fún káfíńtà, Ìyá ò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Maṣíìnì o, Ẹlẹ́rìn-ín! Èyí tó ń bọ́ wa ní gbogbo ìgbà tí kò bá sí iṣẹ́ pẹ́ńtà. Bọ̀ọ̀dá mi ò sì sọ pé rárá. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju pálọ̀ òfìfo lọ. Mo nu ọwọ́ mi, mo wọ pálọ̀, mo kúnlẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, tábìlì yẹn àti àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í ṣe tiwa. Ti oníbàárà káfíńtà ni. A yá wọn nítorí yín ni."

Ìyá bọ́ gíláàsì ojú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Abọ́ tí mo fi ń jẹun ńkọ́?"

"Tiwa ni, mà."

"Adìyẹ?"

"Owó ilé ni, mà."

"Bẹ́ẹ̀dì tí mò ń sùn lé?"

"Tèmi ni, mà. Ẹní ni mo tẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù."

Wọ́n kó owó náà, wọ́n wọ bàtà, wọ́n ní, "Ẹ mú mi lọ síbẹ̀." Ìyá ló ṣáájú, àwọn tí wọn ò tilẹ̀ mọ̀nà.

Alálòkù náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Nígbà tí Ìyá sọ fún un pé àwọn ló ta ohun tí kì í ṣe tàwọn, ó gba owó rẹ̀ padà pẹ̀lú owó iṣẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀, ó tún ní kí ọmọlanke bá wa gbé e padà. Ṣùgbọ́n àga mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Ó ti ta ẹ̀kẹrin fún obìnrin tó ń ta káàdì fóònù ní oríta, a sì bá a lórí rẹ̀, ó fẹ̀yìn tì, ó na ẹsẹ̀. Ó ní, "Ìyá, àga yìí ti mọ ìdí mi. Àtìgbà tí mo ti ń jókòó lórí páálí, òní ni ẹ̀yìn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi fara tì. Owó kọ́ nìṣòro mi, ẹ wá àga mìíràn fún mi." Àǹtí Télọ̀ yíjú padà, wọ́n sáré lọ sílé, wọ́n sì gbé àga wọn wá, èyí tó ní tìmùtìmù, tí wọ́n fi ń jókòó sídìí maṣíìnì. Obìnrin náà dán an wò. Ó ní èyí tilẹ̀ dára jù.

Nọ́ọ̀sì ti dé ká tó dé. Ó dúró tòun ti aṣọ iṣẹ́, káfíńtà ń ṣàlàyé fáníìṣì fún un, òógùn bò ó. Ni nọ́ọ̀sì bá rí àga tirẹ̀ lórí ọmọlanke tó ń bọ̀ lójú títì. Ìyá ló sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, gbogbo rẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì ò pariwo. Ó yí àwọn àga náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rí ibi tó ha lẹ́sẹ̀ ọ̀kan, ó ní kí wọ́n tún un ṣe kí òun tó kó wọn. Ó wá sọ fún káfíńtà pé bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ òun tí òun fẹ́ gbé fún un, òun á wá ẹlòmíràn. Bọ̀ọ̀dá mi ti fi búrọ́ọ̀ṣì tún ẹsẹ̀ àga náà kùn, nọ́ọ̀sì sì ti gbé wọn lọ nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n mo kí káfíńtà lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ òní, pákó ló ń wò.

Nígbà tí a wọlé, Ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwa tó kù jókòó sílẹ̀. Wọ́n wo bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n ní, "Owó tí mo ná lé ọ lórí, ṣé mo sọ pé kí o fi àga san án fún mi ni? O ń ṣiṣẹ́. O ò jalè. O fẹ́ ọmọ tó mọwọ́ iṣẹ́, o sì gba àbúrò rẹ sọ́dọ̀. Ohun tí mo ra nìyẹn. Kí ló dé tó jẹ́ pé òun lo lọ ń fi pamọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná?" Bọ̀ọ̀dá mi sunkún. Mi ò rí i rí.

Onílé ṣì ń bọ̀ lọ́la, owó ò sì tíì pé. Ìyá ní kí bọ̀ọ̀dá má dúró dè é, kí wọ́n lọ bá a nílé pẹ̀lú èyí tó wà nílẹ̀, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọ́n máa mú ìyókù wá. Ní tàwọn, wọ́n á lo ọ̀sẹ̀ wọn pé, ṣùgbọ́n ohun tí a ń jẹ nígbà tí àwọn ò sí ni kí a máa fún àwọn. Tíì àti búrẹ́dì la jẹ lálẹ́ àná. Ìyá mu ife méjì. Oúnjẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n jẹ tán láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé nìyẹn.

Nítorí náà, mi ò ní fi kọ́tìnnì náà ránṣẹ́, má bínú sí mi. Jẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ bá fèrèsé rẹ bó ṣe wà, kó ṣá mọ́ tónítóní. Kí ó tó dé, ìwọ àti ọkọ rẹ ẹ jókòó, ẹ yọ owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì náà sọ́tọ̀ nínú owó oúnjẹ yín. Bí kò bá pọ̀, ẹ má fi owó ilé kún un, ọbẹ̀ ni kí ẹ dín ẹran rẹ̀ kù. Bi ìyá náà léèrè ohun tí ara rẹ̀ gbà, má máa dá owó nù lórí ohun tí eyín rẹ̀ ò lè jẹ. Bẹ́ẹ̀dì tí o bá fún un, jẹ́ kó mọ ibi tí ìwọ ń sùn. Bí ó bá sì fẹ́ bá ọ dáná, gbà fún un. Àlejò tí a kò jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan kan, ó lè dìde láàárọ̀ kùtù lọ wá iṣẹ́ ṣe fúnra rẹ̀. Èmi ti rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Kí màmá, sọ fún wọn pé kí wọ́n máa gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí. Kí àbúrò rẹ, kí ó jẹun. Àǹtí Télọ̀ kí ọ láti orí páálí tí wọ́n ti ń ránṣọ, wọ́n ní o ò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé o ti rín in.

Lálẹ́ àná, mo tẹ́ ẹní mi sí ṣọ́ọ̀bù bí mo ṣe máa ń ṣe. Ìyá wá sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n ká a. Wọ́n padà sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sún mọ́ ògiri, wọ́n fi ọwọ́ lu ibi tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀.

                                        Èmi ni tìrẹ tí kò yẹ̀,
                                        Akọ̀wé