Orúkọ Yín Tí Wọ́n Fagi Lé

Àbbà mi,

Mo kí yín, mo kí Ámmà ìyá mi, mo kí gbogbo ará ilé ní Sylhet. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Ikọ́ Tuhin ọmọ-ọmọ yín ti lọ. Ẹja gbígbẹ yín dé. Aládùúgbò wa wá béèrè bóyá nǹkan kú sílé wa.

Àbbà, ara mi ò balẹ̀, mi ò lè jókòó. Mo kọ ìwé tí mo fi ń wá iṣẹ́ télọ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílé: orúkọ mi, "ọmọ Sirajul Haq" tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹ̀sìn mi, àti pé mo ti lọ́kọ. Moira, ìyá tó ń ran àwa tá à ń wáṣẹ́ lọ́wọ́ ní Leeds níbí, fagi lé orúkọ yín.

Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé bàbá ẹ ló fẹ́ wá bá wọn gé aṣọ ni?"

Mo ní, "Mà, wọn ò ní mọ irú ilé tí mo ti wá."

"Ta ló bi ẹ́ nípa ilé? Iṣẹ́ ni wọ́n ń béèrè."

Ó dùn mí, àmọ́ mo fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé àtijọ́ kò rí ẹni dá a lóhùn rí. Ti Moira yìí, kíá ni ilé iṣẹ́ tó ń rán kọ́tìnì pè mí. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ rí mi.

Ẹ má bínú. Ẹ gbàdúrà fún mi, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ jẹ èrè wa pẹ́. Tí wọ́n bá bi mí pé ta ló kọ́ mi níṣẹ́ télọ̀, mi ò ní gbàyè lọ́wọ́ Moira kí n tó dárúkọ yín.

Èmi Mahfuza,
ọmọ Sirajul Haq.