Bọ́sẹ̀ Méjì Ní Kíláàsì Kan

Ìjerò, Ọjọ́bọ̀, 18/10/84

Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Anti tó ń gba àwa ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nímọ̀ràn pín bébà fún wa lónìí. Ó ní kí kálukú kọ orúkọ ọ̀rẹ́ tàbí ará ilé tó lè finú hàn bí ìṣòro bá dé, kó sì dìde kà á. Èmi kọ Fúnmi. Ta ni ǹ bá tún kọ? Láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti jọ ń pín ẹ̀pà jẹ.

Fúnmi ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Bọ́sẹ̀." Inú mi dùn, mo tilẹ̀ ti nàró, mo ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Kì í ṣe ìwọ. Bọ́sẹ̀ Ìbàdàn ni."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Bọ́sẹ̀ Ìbàdàn! Ẹni tí kò tíì lo táàmù kan pé láàárín wa. Èmi yìí náà ni mo kọ́ ọ pé "ulé" là ń pe ilé níbí, kí wọ́n má baà máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àfọwọ́fà mi nìyẹn. Irun orí rẹ̀ pàápàá, Fúnmi ló dì í fún un. Èmi ò bèèrè o, mo kàn rí i ni.

Nígbà tó kàn mí, Anti ní, "Bọ́sẹ̀, ìwọ ńkọ́?"

Mo ká bébà mi mọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà."

Anti ní ó dára, kí n jókòó.

Fúnmi nìkan ló yíjú wò mí. Ó mọ̀ pé èmi ni àkọ́bí.