Ẹyẹ Màmá Kì í Ṣe Ti Màmá Mọ́

Santa Rita Yucuñuu,
Oaxaca.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kọkànlá, ọdún 2018.

Rufina, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ọ̀fìnkìn tí òtútù Puebla kó bá ẹ ti lọ? Àwa náà ń mí níbí, ọpẹ́ ni, àmọ́ inú ń bí mi, mi ò ní purọ́ fún ẹ.

Ṣé o rántí òǹtẹ̀ ẹlẹ́yẹ tí Màmá mi fún ẹ nígbà ìgbéyàwó ẹ? Ìwọ náà mọ̀ pé òun ló kọ́kọ́ fín ẹyẹ yẹn, kò sì sí ìyàwó tuntun tó wọ abúlé yìí tí kò fún ní tiẹ̀, kó lè máa tẹ̀ ẹ́ sára ìkòkò tó bá mọ. Ilé ìtajà ńlá kan nígboro ti ń tẹ̀ ẹ́ sára ìkòkò tí ẹ̀rọ mọ báyìí, àwọn oníbàárà wa sì ti ń yà síbẹ̀.

Ni mo bá gba ọ̀dọ̀ Lọ́yà Ocampo lọ, pé kó bá wa forúkọ ẹyẹ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba gẹ́gẹ́ bí àmì ọjà Màmá. Ó ní kò ṣeé ṣe, àmì tí gbogbo amọ̀kòkò jọ ń lò kò lè di ti ẹnì kan. Mo ní ká lo orúkọ abúlé wa nígbà náà. Ó ní orúkọ ìlú, ti gbogbo ará ìlú ni. "Ìkòkò Pupa" ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní orúkọ ọjà fúnra ẹ̀ nìyẹn. Àwọn olè yẹn wá ńkọ́? Ó ní orúkọ ara wọn ni wọ́n fi sílẹ̀, ẹyẹ wa kàn jẹ́ ọ̀ṣọ́ lábẹ́ ẹ̀ ni.

Ó wá ní, "Ká ní ìyá yín háwọ́ díẹ̀ ni, ẹyẹ yẹn ì bá jẹ́ tiyín lónìí."

Rufina, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Wọ́n ní oore kì í gbé. Tiwa gbé o.

Lọ́jọ́ Sátidé, Eulalia aládùúgbò wa mú ìyàwó ọmọ ẹ̀ wá gba òǹtẹ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì àti ṣokoléètì bí a ti ń ṣe é. Ojú Màmá ò ríran fín òmíràn mọ́, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù nínú àpótí. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ní kò sí. Mo sì mọ̀ pé ahun tí mo ṣe yẹn ò lè tún nǹkan kan ṣe mọ́. Ìyàwó náà tẹjú mọ́lẹ̀, ó gbé búrẹ́dì ẹ̀ padà.

Màmá gbọ́ láti inú yàrá. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Herlinda, ta ló kọ́ ẹ níyẹn?" Láti ọjọ́ náà, ilé Eulalia ló ti ń jẹ tòtílà. Òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ohun tí òfin ò fún mi, mo fún ara mi, èmi nìkan sì ni mò ń jẹun.

Bá mi kí ọkọ ẹ, kó o sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Tọ́jú òǹtẹ̀ tìẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá wá tọrọ ẹ̀, jọ̀ọ́, fún un.

Èmi ni ọ̀rẹ́ ẹ tí inú ń bí,
Herlinda.