Orúkọ Tí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́ Orin Hidayah

                                        Sọ́míìlì Síkírù,
                                        Òjòwò,
                                        Ìjẹ̀bú-Igbó.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Bùsúyì, ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí a jọ fi orí ru pákó,

Báwo ni Abígí? Ṣé omi ò tíì wọ ilé yín lọ́dún yìí? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ẹ́ lọ́jọ́sí, ṣé ó ti fi ẹ́ lọ́rùn sílẹ̀? Àwa ńbí, alhamdulillah. Muslimah ìyàwó mi ní kí n kí ẹ, ó ní ẹja tí o fi ránṣẹ́ kẹ́yìn kò pẹ́ rárá nínú ìkòkò. Tèmi náà ò burú. Mo ti ra ẹ̀rọ ìlagi kẹta. Kò sí ẹlòmíì tó ní mẹ́ta ní gbogbo Òjòwò. Tí wọ́n bá sọ fún ẹ pé ó wà, irọ́ ni.

Mo lè pè ẹ́ lórí fóònù, o mọ̀ pé owó káàdì ò lè wọ́n mi. Ṣùgbọ́n Rẹ̀mílẹ́kún ẹ̀gbọ́n ẹ wà lọ́dọ̀ ẹ, á já fóònù gbà mọ́ ẹ lọ́wọ́ kí n tó parí ọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ó ti sọ fún ẹ pé mo fa aṣọ ya mọ́ Jedidiah ọmọ òun lọ́rùn ní gbangba. Òótọ́ ni, mo fà á ya. Gbọ́ tẹnu mi náà.

Ṣé o mọ̀ pé Hidayah ọmọ mi fẹ́ fẹ́ Qowiyyu, ọmọ Alhaji Zubair, ará Ìlápòrú wa, tó ń ta sìmẹ́ńtì ní Àgọ́-Ìwòyè. A ti mú ọjọ́ tí wọ́n máa so yìgì, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù Kọkànlá. Nínú oṣù Kẹjọ ni Hidayah lọ kọ orin kan ní sítúdíò. Èmi ni mo gbé e lọ, nínú ọkọ̀ mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ mi ti di olórin. Jedidiah ló bá a gbé orin náà sórí fóònù kí gbogbo ayé lè gbọ́ ọ, torí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, Alhaji Zubair ránṣẹ́ sí mi pé òun ò lè gba onífújì sílé òun, pé ká jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sùn ná.

Onífújì kẹ̀? Mo sáré lọ bá a. Mo ní, "Alhaji, ṣé ẹ gbọ́ orin náà ni?"

Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ gbọ́? Ṣebí wọ́n kọ fújì sí i lára. Ṣé ó dìgbà tí mo bá tọ́ ọtí wò kí n tó mọ̀ pé ọtí ni?"

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lara ti fu mí sí Jedidiah. Mo ní ọmọkùnrin yìí ti ń wo Hidayah láti kékeré. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé ẹnìkan ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ kó ba ìgbéyàwó jẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti fa aṣọ ya. Ó ń ké, "Bàbá, wọ́n máa ń béèrè irú orin tó jẹ́ ni! Tẹ́ ò bá mú ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí wọ́n tò síbẹ̀, orin ò ní wọlé. Mo rí i pé ìlù wà nínú ẹ̀, Yorùbá ni, mùsùlùmí ló kọ ọ́, mo bá mú fújì!"

Mi ò gbà á gbọ́. Mo ní kí Hidayah bá mi ka òyìnbó tó wà lójú fóònù, o mọ̀ pé prámárì mẹ́ta ni mo kà. Bí Jedidiah ṣe wí náà ló rí.

Ìgbà náà ni mo wá rántí pákó arère tí èmi pẹ̀lú ẹ kùn ní ọ̀dà pupa nídìí, nígbà tí a wà lọ́dọ̀ ọ̀gá wa. Igi kan náà, ọjọ́ kan náà la là á. Oníbàárà yẹn fo èyí tí a ò kùn dá, ó fọwọ́ pa èyí tí a kùn, ó ní, "Èyí gan-an ni igi." Ṣùgbọ́n ikán ò bi ẹnikẹ́ni nípa ọ̀dà kó tó jẹ ẹ́. Mo ní Alhaji yìí, ojú ló fi ń gbọ́ orin.

Ó ń kọ́lé lọ́wọ́, mo bá pè é pé pákó òrùlé tó dáa ti dé. Mo fi orin Hidayah sínú fíláàṣì, mo ní kí ọmọ kan ní sọ́míìlì kọ "Orin Ẹ̀sìn" gàdàgbà sí bébà, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Nígbà tó dé, bí a ṣe jókòó sínú ọkọ̀ mi, mo na fíláàṣì sí i. Mo ní, "Alhaji, ẹ bá mi kì í bọ redíò yẹn." Ó kà á, ó kì í bọ̀ ọ́.

Orin bẹ̀rẹ̀, ó ń mi orí. Ó ní, "Máṣà Allah. Ìbẹ̀rù Ọlọ́run wà lóhùn ọmọ yìí." Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo ní mo ti mú un. Àfi bí omi ṣe lé ròrò sí i lójú. Ó ní, "Bàbá Hidayah, ẹ ò mọ orin yìí ni? Ṣebí orin tí àwọn ìyá wa máa ń kọ nídìí agbada gààrí ní Ìlápòrú nìyí. Ìyá yín ló máa ń dá a, ìyá mi á máa gbè é."

Bùsúyì, orin ìyá mi ni! Èmi tí mo gbé ọmọ lọ sí sítúdíò, èmi tí mo ń fọ́nnu káàkiri, mi ò gbọ́ orin náà já rí. Hidayah sọ fún mi níjọ́ náà pé Áfúrò, orin àwọn ọ̀dọ́ òde òní, làwọn ọ̀rẹ́ òun ń pe orin náà. Mo ti sọ lọ́kàn ara mi pé ariwo ọmọ iléèwé ni. Tí wọ́n bá ti tàn án, èmi ni mo máa ń ní kí wọ́n yí i wálẹ̀.

Mi ò lè fi ọgbọ́n kankan ṣe é mọ́. Mo ní, "Hidayah ló kọ ọ́. Èyí tí ẹ pè ní fújì náà nìyẹn."

Ó wo fíláàṣì, ó wò mí. Ó wá ní, "Kí wọ́n pa fújì yẹn rẹ́ nígbà náà, kí wọ́n kọ orin ẹ̀sìn síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tán."

Ṣé o rí ọkùnrin yìí? Ó ti gbọ́ ìyá ẹ̀ nínú orin, síbẹ̀ orúkọ ló ṣì ń dù. Mo ní kí Hidayah gbà. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Dádì, mi ò pe Ọlọ́run níbì kankan nínú ẹ̀. Màmá àgbà tó kọ́ mi ní orin náà, ọ̀rọ̀ gààrí ni wọ́n ń sọ. Tí mo bá purọ́ fún Alhaji kí n tó wọlé ẹ̀, ìgbà wo ni mo fẹ́ ṣíwọ́?"

Mo jíṣẹ́ ẹ̀ fún Alhaji, mo fi ọjọ́ mẹ́rin gbáko retí èsì. Lánàá ni Alhaji dé fúnra ẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́ ọ tó ìgbà méje. Ó ní lóòótọ́ òun ò gbọ́ Ọlọ́run nínú ẹ̀, òun ò sì gbọ́ ọtí. Ọjọ́ ìgbéyàwó ò yẹ̀. Fíláàṣì nìkan ni ò dá padà.

Ara ṣì ń fu mí o. Ẹni tí orúkọ lé sá lẹ́ẹ̀kan, ó tún lè sá. Torí náà, lọ́jọ́ yìgì, ìgbà táwọn álífáà bá ti lọ ni Hidayah máa kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò ní sọ irú orin tó jẹ́. Á kàn la ẹnu ni.

Bá mi bẹ Jedidiah. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, èmi ni mo gé èyí tí ò ṣẹ̀. Mo ti ra aṣọ míì fún un, ó dáa ju èyí tí mo fà ya lọ dáadáa. Sọ fún Rẹ̀mílẹ́kún pé mo tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó mọ̀ pé mo kọ ọ́ sínú ìwé. Kí ìyàwó ẹ, kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín tó mọ̀ mí. Kí gbogbo yín tètè dé ní Sátidé náà, Muslimah ti ní ìkọ́kọrẹ́ lòun máa sè.

Fíláàṣì kan wà nínú àpò ìwé yìí. Mo ti fi bíléèdì ha orúkọ tó wà lára ẹ̀ kúrò, mi ò kọ nǹkan kan sí i. Ọdún méjì lo fi jẹ gààrí ìyá mi lọ́fẹ̀ẹ́. Má bi ẹnikẹ́ni pé irú orin wo ni. Tí o bá gbọ́ ìyá mi nínú ẹ̀, pè mí. Tí o ò bá gbọ́ ọ, tún un gbọ́.

Ọ̀rẹ́ ẹ tí kì í rẹ́ ẹ jẹ,
Síkírù Onípákó.