Ènìyàn Méje Níwájú Tẹlifíṣọ̀n Wa

Ibefun,
Ọjọ́rú.

Déọlá ọmọ mi,

Mo sẹ́ ọ. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí, mi ò sì rí ẹnu sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n wàásù nípa Pétérù ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilẹ̀ ni mò ń wò.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ nínú Èkó tí mi ò mọ ọ̀nà ibẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ, kí ohùn rẹ má há. Ara ìyá rẹ le, ìyá àgbà ṣì ń jẹun dáadáa, òjò ti wó ògiri ilé ìdáná. Mọ́ṣádé àbúrò rẹ ni yóò fi fóònù ya lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ. Mo ní kó má kà á, mo sì mọ̀ pé yóò kà á.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Haneef wá láti Ìjẹ̀bú-Òde, ó ní iléeṣẹ́ àwọn ló máa ń ka iye ènìyàn tó ń wo ìkànnì tẹlifíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan, pé ìbò mú ilé wa láti dúró fún ọ̀pọ̀ ilé ní Ìjẹ̀bú. Ó fún mi ní ìwé tí a ó máa kọ aago sí, àti ìkànnì tí a wò, àti àwọn tó jókòó wò ó, ó ní òun yóò máa wá gba èyí tó bá kún lóṣooṣù, kí òun fi òmíràn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa ń ṣiṣẹ́ ní tẹlifíṣọ̀n, torí bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun yóò gbé ìwé òun lọ sí ilé mìíràn. Fọ́tò rẹ wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí o ti mú máíìkì dání. Mo ní rárá o, mo ní tíṣà ni ọmọ mi. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, mo sáré dìde, mo fi ẹ̀yìn bo fọ́tò náà títí ó fi jáde.

Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé àwọn tó ń ta ọṣẹ ló ń bọ́ yín, pé ibi tí èrò bá pọ̀ sí ni wọ́n ń gbé owó ìpolówó lọ, pé ètò tí kò bá ní òǹwòran, wọn a gé e. Èmi wá rò pé ó dà bí ọjọ́ ìkórè ni, tí wọ́n bá pe orúkọ ọmọ ẹni, gbogbo ilé a dìde tẹ̀lé e dé iwájú, ojú a sì ti ẹni tó bá jókòó. Ni mo bá ń kọ ènìyàn méje sílẹ̀ ní aago méje alẹ́ lójoojúmọ́ fún ètò ìlera tí ò ń ṣe. Mo kọ èmi àti ìyá rẹ àti Mọ́ṣádé. Mo kọ ìyá àgbà, tí kò ríran mọ́ láti ìgbà tí o wà ní fásitì. Ìwọ náà wà níbẹ̀, torí bẹ́ẹ̀dì rẹ ṣì wà nílé, mo kọ ọ́ ní Tíṣà. Mo sì fi méjì kún un fún àlejò, bóyá wọ́n á wá.

Òtítọ́ ibẹ̀ rèé, jọ̀ọ́ má sunkún. A kì í wo ètò rẹ. Aago méje yẹn náà ni ìkànnì kejì ń ṣe eré obìnrin tó jí ọmọ orogún rẹ̀ gbé, ìyá rẹ kò sì lè pa á jẹ, èmi náà ò lè pa á jẹ. Lọ́jọ́ kan mo ní kí n wo tìrẹ díẹ̀. O wo ojú mi tààrà, o ní ẹ ṣeun tí ẹ dúró tì wá. Mi ò lè yí i kúrò lójú rẹ. Mo dúró títí tí o fi kọjú sí dókítà yẹn kí n tó tẹ rìmóòtù.

Ọjọ́ tí o pè wá, tí ò ń pariwo ayọ̀ pé òǹwòran yín ní Ìjẹ̀bú ti pọ̀ sí i, pé ọ̀gá yín ti fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún tìrẹ, mo jó níhìn-ín. Àfi bí o ṣe wá sọ pé ọwọ́ Jessica tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti gbà á, pé wọ́n ní kó máa lọ sílé ná. Jessica tó bá ọ wá nígbà Àjíǹde, tó jẹ ìkọ́kọrẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, tó ní kí ìyá rẹ kọ́ òun! Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ti le. Tiransifọ́mà wa bàjẹ́ lóṣù tó kọjá, gbogbo Ibefun kò ní iná fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mi ò tilẹ̀ rò ó, mo ń kọ ènìyàn méje mi lọ. Lọ́jọ́ kẹrin ìyá rẹ bi mí pé kí ni mò ń fi tọ́ọ̀ṣì kọ, mo ní ìṣirò ni. Haneef pè mí láàárọ̀ yìí, kò pè mí ní Dádì mọ́. Ó ní ọ̀gá àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ láti wá wo jẹnẹrétọ̀ tí a fi wò ó.

A kò ní jẹnẹrétọ̀. Ràsákì aládùúgbò wa ní kí n wá gbé tòun, pé òun yóò tilẹ̀ da ọ́ìlì dúdú sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé kó lè dà bí ẹni pé ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní àwa ará ṣọ́ọ̀ṣì kò mọ irọ́ pa, pé ìdajì la máa ń pa. Ìyá rẹ náà ní kí n gbé e, ó ní ṣé iṣẹ́ ọmọ òun ni mo fẹ́ fi ṣeré. Bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n lè gé ètò rẹ, wọ́n lè ní ìwọ lo rán mi. Bí mo bá gbé jẹnẹrétọ̀ Ràsákì, Jessica á jókòó sílé. Mo ti rìn yí ilé yìí ká títí ajá fi jókòó tó ń wò mí. Ṣé mo tiẹ̀ gbọ́n báyìí? Ìwé tí mo kà ní sẹ́kọ́ńdírì kò dé ibí.

Fi lẹ́tà yìí han ọ̀gá rẹ, kó lè mọ̀ pé o kò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Fi owó káàdì díẹ̀ ránṣẹ́, kí n lè pè ọ́ kí o bá mi jà dáadáa, àti owó sìmẹ́ńtì fún ògiri ìdáná, bí wọn kò bá tíì lé ọ. Kí Olúwa fún ọ ní òǹwòran tí kì í ṣe ẹbí rẹ, kí wọ́n pọ̀, kí wọ́n sì jókòó lóòótọ́.

Lọ́la, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni n ó wọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, kí ọ̀gá wọn tó gbéra. N ó gbé ìwé náà lé orí tábìlì Haneef, n ó yọ fọ́tò rẹ kúrò lára ògiri, n ó gbé e tì í, n ó sì sọ fún un pé ọmọ mi nìyí.

Bàbá rẹ,
Adélékè.